Bí Mo Ṣe Kọ Ìwé Ìlera Ọmọ Mi

Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó ní ọ́tísíìmù (autism), ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì pọ̀. Nígbà tí dókítà wa ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí a lọ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó lé ní wákàtí kan tí a fi jókòó nínú gbọ̀ngàn tí ariwo ti kún, lábẹ́ iná tó ń kùn bí oyin, títí nọ́ọ̀sì kan fi di apá rẹ̀ mú láìsọ ohun tó fẹ́ ṣe fún un, ni ọmọ bá já ara rẹ̀ gbà, ó sì sá jáde. Ohun tí wọ́n kọ sínú fáìlì ni pé aláìsàn kọ ìtọ́jú. Gbólóhùn yẹn kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ fún ọmọ yìí ohun tí wọ́n ní ó kọ̀.

Mo pinnu láti kọ irú ìwé tí wọ́n ń pè ní hospital passport níhìn-ín, èyí tí òṣìṣẹ́ ìlera yóò kà kó tó fọwọ́ kan aláìsàn. Orúkọ rẹ̀, oògùn rẹ̀ àti ohun tí ara rẹ̀ kò gbà kò pẹ́ mi rárá. Apá tó jẹ mọ́ ìrora ló gbà mí ní alẹ́ mẹ́ta, nítorí pé ọmọ mi kì í ké, kì í sì í fi ọwọ́ han ibi tó ń dùn ún. Mo pe ìyá ọkọ mi ní Ìbàdàn, tí wọ́n ti bá wa gbé rí. Wọ́n ní, “Ìyàwó mi, ṣé o ò kíyè sí i ni? Bí nǹkan bá ti ń ro ó, ìbọ̀sẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bọ́.” Èmi tí mo bí i kò fọkàn sí i rí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo pe ilé ìwòsàn. N kò bẹ̀bẹ̀ fún ojú rere, nítorí pé òfin ìdọ́gba ẹ̀tọ́ tí wọ́n ń pè ní Equality Act ti ọdún 2010 sọ ọ́ di dandan fún wọn láti ṣe àtúnṣe tó bọ́gbọ́n mu fún aláàbọ̀ ara. Mo ní kí wọ́n fi wa ṣe ẹni àkọ́kọ́ láàárọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí a dúró sínú ọkọ̀ títí wọn yóò fi pè wá, kí n sì lè fi ìpara tó ń mú awọ ara kú sí apá rẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú. Ẹni tó bá rò pé àṣejù ni kíkọ gbogbo èyí sílẹ̀, kó rántí Oliver McGowan, ọmọ ọdún 18 tó ní ọ́tísíìmù, tó kú ní Bristol ní ọdún 2016 lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní oògùn tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ ti ní kí wọ́n má fún un. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ẹ̀kọ́ nípa ọ́tísíìmù tí wọ́n ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní England báyìí.

Lọ́jọ́ náà, nọ́ọ̀sì ti ka ìwé wa kí a tó wọlé, ó sì ti pa iná òkè. Ó kọ́kọ́ di okùn rọ́bà tí wọ́n máa ń so mọ́ apá kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ mọ́ apá ara rẹ̀, ó tú u, ó sì gbé e fún ọmọ mi kó fà á wò. Nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé, nọ́ọ̀sì bojú wo ẹsẹ̀ ọmọ mi. Ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì ṣì wà níbẹ̀.

Kí a tó kúrò, mo ní kí wọ́n fi ẹ̀dà ìwé náà sínú fáìlì rẹ̀, lórí ojú ewé tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ó kọ ìtọ́jú.