Ìwé Àkọsílẹ̀ Ìjọ Àtijọ́ Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ìtọ́sọ́nà fún Ọmọ Yorùbá Tó Fẹ́ Kà Á

Kí a tó ṣí ìwé kankan, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí a kọ́kọ́ là yé ara wa. Páríṣì tí a mọ̀ nílé, pàápàá lẹ́nu àwọn ará Rìdíìmù, jẹ́ ẹ̀ka ìjọ kan tí ènìyàn lè fi sílẹ̀ lọ sí òmíràn bó bá wù ú. Páríṣì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ni, ó ní ààlà, gbogbo ẹni tó bá sì ń gbé inú ààlà náà ló wà lábẹ́ rẹ̀, yálà ó ń jọ́sìn níbẹ̀ tàbí kò jọ́sìn. Páríṣì ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn onílé láti fi bọ́ àwọn òtòṣì, òun ló ń tún ojú ọ̀nà ṣe, òun náà ló sì ń bi àlejò léèrè ibi tó ti wá. Ẹni tó bá ní èyí lọ́kàn ni ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ yóò yé; ẹni tí kò bá ní in lọ́kàn yóò kàn máa ka orúkọ òkú ni.

Ní ọdún 1538 ni Thomas Cromwell, ẹni tí Ọba Henry Kẹjọ fi ṣe olórí lórí ọ̀ràn ìjọ, pàṣẹ pé kí páríṣì kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan, kí àlùfáà máa kọ ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ọ̀sẹ̀ náà sínú rẹ̀ ní ọjọọjọ́ Ìsinmi níṣojú wọ́dìnì ìjọ. Inú àpótí oníkọ́kọ́rọ́ méjì ni ìwé náà ń gbé, ọ̀kan lọ́wọ́ àlùfáà, èkejì lọ́wọ́ àwọn wọ́dìnì, kí ẹnì kan má baà dá ṣí i. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá kùnà láti kọ ọ́, ìtanràn ṣílè 3 àti pẹ́nì 4 ni, owó náà á sì lọ sórí àtúnṣe ilé ìjọsìn. Àwọn ará ìlú fura sí àṣẹ yìí, nítorí wọ́n rò pé ọ̀nà láti gba owó orí tuntun ni. Ní 1598, lábẹ́ Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, àṣẹ mìíràn ní kí wọ́n da àwọn ìwé àtijọ́ kọ sórí awọ ẹran tó lè pẹ́, pàápàá láti ìgbà tí Ọbabìnrin ti gorí ìtẹ́ ní 1558. Ọ̀rọ̀ “pàápàá” yìí ni àwọn akọ̀wé tí iṣẹ́ sú gbá mú, ìdí sì nìyí tí ìwé ọ̀pọ̀ páríṣì fi bẹ̀rẹ̀ ní 1558 dípò 1538. Àṣẹ yẹn kan náà ló ní kí wọ́n máa fi ẹ̀dà ọdọọdún ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù, nítorí náà bí iná tàbí eku bá ti jẹ ojúlówó, ẹ béèrè ẹ̀dà ti bíṣọ́ọ̀bù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé a máa ń ka ìwé yìí bí ẹni ń ka ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Ohun tí ìjọ ṣe ni ìjọ kọ. Ọjọ́ ìsàmì kì í ṣe ọjọ́ ìbí, ó lè jẹ́ ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọdún mélòó kan. Ọjọ́ ìsìnkú náà kì í ṣe ọjọ́ ikú. Ìjọba kò bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú tirẹ̀ ní England àti Wales títí di ọjọ́ 1 Oṣù Keje 1837. (Ẹ̀yin tí ẹ bá bímọ síbí lónìí, ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ni kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ láàárín ọjọ́ 42, ìsàmì kò dípò rẹ̀.)

Kàlẹ́ńdà náà lè dà wá láàmú. Kí ó tó di 1752, ọjọ́ 25 Oṣù Kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọmọ tí wọ́n sàmì fún ní Oṣù Kejìlá 1700, tí wọ́n sì sin ní Oṣù Kejì 1700, ẹ má rò pé akọ̀wé ti mu ọtí yó: Oṣù Kejì yẹn wà nínú ohun tí àwa ń pè ní 1701. Ní 1752 fúnra rẹ̀, ọjọ́ 2 Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n sùn, ọjọ́ 14 ni wọ́n jí sí. Ọjọ́ 11 kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Owó ló ṣàlàyé ọ̀pọ̀ nǹkan tó kù. Láti tọ́jú òwò irun àgùntàn, òfin ọdún 1666 àti 1678 ní kí wọ́n fi aṣọ irun àgùntàn sin òkú, kí ẹbí sì búra pé àwọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 5. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí ọ̀rọ̀ ìbúra lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òkú. Láàárín 1783 sí 1794, ìjọba ń gba pẹ́nì 3 lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ, wọn kò sì gbà á lọ́wọ́ òtòṣì. Bí ẹ bá rí lẹ́tà P (“pauper”, ìyẹn òtòṣì) tó pọ̀ lójijì ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ẹ má yára sọ pé ìyà ti jẹ gbogbo abúlé. Àwọn àlùfáà aláàánú wà tí wọ́n mọ bí a ti ń fi kálámù gba ènìyàn lọ́wọ́ owó orí.

Apá tó yẹ kí àwa àlejò kà dáadáa jù, lójú tèmi, ni àwọn ìwé mìíràn tó wà nínú àpótí kan náà. Òfin ọdún 1662 sọ pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé páríṣì, tí ilé tó gbà kò tó pọ́n-ùn 10 lọ́dún, wọ́n lè dá a padà síbi tó ti wá bí wọ́n bá fura pé yóò di ẹrù sí wọn lọ́rùn. Àwọn adájọ́ á mú un jókòó, wọ́n á bi í léèrè ibi tí wọ́n ti bí i, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún ọdún kan gbáko, ibi tó ti kọ́ṣẹ́, ìgbà tó gbéyàwó. Ìdáhùn rẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀, nígbà mìíràn òun nìkan sì ni ìtàn ìgbésí ayé tálákà náà tó kù láyé. Ẹni tó bá ti kún fọ́ọ̀mù ìwé ìgbélùú rí kò ní pẹ́ mọ ohùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn. Obìnrin tó lóyún láìlọ́kọ ni wọ́n máa ń kánjú lé jù, nítorí ọmọ àlè di ti páríṣì tí wọ́n bá bí i sí. Ọ̀rọ̀ líle yẹn gan-an ni wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ náà lọ́jọ́ ìsàmì. Ẹ ó bá a pàdé léraléra, bí kò tilẹ̀ dùn ún kà. Kò sí ẹni tó fòpin sí lílé àlejò kìkì nítorí ìfura títí di 1795.

Ní ti orúkọ, ẹ má wá ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n gbà kọ ọ́. Ohun tí etí akọ̀wé bá gbọ́ ló kọ, bí àwọn òyìnbó ti ń ṣe sí orúkọ tiwa náà. Ọmọ tí wọ́n bá sì he lójú ọ̀nà lè gba orúkọ ibi tí wọ́n ti rí i: àwọn tí wọ́n gbé sílẹ̀ sí àgbègbè Temple ní Lọ́ńdọ̀nù ń jẹ́ Temple. Ẹni tó mọ Abíọ́nà kò nílò àlàyé.

Àwọn aláwọ̀ dúdú náà wà níbẹ̀. Ní 1597, ní St Botolph Aldgate, wọ́n sàmì fún Mary Fillis, ọ̀dọ́bìnrin ará Mòrókò tó ń bá obìnrin aránṣọ kan ṣiṣẹ́. Ní 1759, ní St Margaret's ní Westminster, wọ́n sàmì fún Olaudah Equiano lábẹ́ orúkọ Gustavus Vassa, wọ́n sì kọ ọ́ pé Carolina ni wọ́n ti bí i, bẹ́ẹ̀ ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ lẹ́yìn náà sọ pé ilẹ̀ Ìgbò ni. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìlà kan yẹn. Ọmọ tiwa sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ní Oṣù Kẹjọ 1862, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton, Àìná ọmọ Òkè-Ọ̀dàn, ẹni tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Sarah Forbes Bonetta, fẹ́ James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí wọ́n gbà lóko ẹrú dé Sàró.

Ìwé ti Àìná rọrùn láti kà ju ti Mary Fillis lọ, nítorí láti 1754 ni òfin ti ní kí tọkọtaya àti àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó (ẹni tí kò mọ̀wé á fa àmì X), láti 1813 ni fọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ̀ ti gba ìsàmì àti ìsìnkú náà, láti 1837 sì ni ìgbéyàwó ti ń béèrè iṣẹ́ bàbá ìyàwó àti ti ọkọ. Àwọn ìyá dúró títí di Oṣù Karùn-ún 2021 kí orúkọ wọn tó wọlé. Àṣà kíkéde ìgbéyàwó ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ṣì wà, ṣùgbọ́n láti 2015, ẹni tó jẹ́ pé ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nìkan ló ní, lọ́pọ̀ ìgbà, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba.

Àwọn ìwé tó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kì í sábà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ilé ìpamọ́ ìwé ti àgbègbè ni wọ́n kó wọn sí, ti Lọ́ńdọ̀nù sì wà ní Clerkenwell. Ẹ kọ́kọ́ wò ó lórí ìkànnì FamilySearch àti FreeREG, ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Ancestry ń gba owó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ìjọba ìbílẹ̀ ń jẹ́ kí ènìyàn lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọgbà wọn. Bí ẹ bá rí orúkọ nínú àtòjọ tí wọ́n tẹ̀, ẹ rí i dájú pé ẹ wo àwòrán ojú ìwé náà gan-an, nítorí ẹni tó dà á kọ lè ṣi lẹ́tà kà. Bí ẹ bá sì fẹ́ lọ fúnra yín, ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání, kí ẹ mú pẹ́ńsùlù lọ, nítorí wọn kì í jẹ́ kí bíírò wọ yàrá ìkàwé.