Bí A Ṣe Ń Wádìí Ẹ̀jẹ̀ Dídì Tó Wà Nínú Ìdílé

Àwọn kan jogún ẹ̀jẹ̀ tó tètè ń dì. Ó lè dì sínú iṣan ẹsẹ̀, kó já níbẹ̀, kó sì lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ni ìwádìí rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ lọ bá àgbà tó mọ ìtàn ilé. Bí ẹ bá bèèrè pé, "Ṣé àìsàn ẹ̀jẹ̀ wà nílé wa?", "Rárá" ni wọn yóò wí. Ẹ bi wọ́n báyìí: "Màmá, ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú rí? Ta ló bímọ tán, tó ń mí gúlegúle, tó sì ṣubú lulẹ̀?" Wọ́n lè ní ayé ló ṣe é. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ọjọ́ orí ẹni náà, pàápàá bí kò bá tíì pé 50 ọdún, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

2. Ẹ wo jẹnotáìpù yín. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nìkan la ka AS sí: bí ẹni tí a fẹ́ fẹ́ bá jẹ́ AA, ó parí. Bẹ́ẹ̀, AS máa ń fi nǹkan bí ìlọ́po méjì kún ewu kí ẹ̀jẹ̀ dídì dí ẹ̀dọ̀fóró. Ti SS tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Factor V Leiden, àbùdá àjogúnbá kan tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, tí wọ́n ṣàwárí ní ìlú Leiden nílẹ̀ Netherlands ní 1994, wọ́pọ̀ lára àwọn Òyìnbó, nǹkan bí 5 nínú 100, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n lára àwa aláwọ̀ dúdú. Nítorí náà, ẹni wa tó wà ní London tí wọ́n sọ fún pé kò ní i kò gbọdọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán: protein C, protein S àti antithrombin, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí kì í jẹ́ kó dì jù, ṣì wà láti yẹ̀ wò.

3. Ẹ mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ yín wò. Oyún máa ń mú protein S lọ sílẹ̀. Warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ń mú òun àti protein C lọ sílẹ̀. Heparin, tóun náà jẹ́ irú oògùn bẹ́ẹ̀, ń mú antithrombin lọ sílẹ̀. Èsì irú àkókò bẹ́ẹ̀ lè ṣini lọ́nà.

4. Ẹ tètè sọ ìtàn ẹ̀jẹ̀ dídì ilé yín fún dókítà kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún yín, bí ẹ bá lóyún, tàbí kí ẹ tó gba hóró oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní estrogen. Bí ẹ bá wọ bàálù fún wákàtí púpọ̀, ẹ máa dìde rìn. Gbogbo ẹni tó jogún rẹ̀ kọ́ ló nílò oògùn lójoojúmọ́ o. Ẹ̀jẹ̀ kì í dì sínú iṣan ọ̀pọ̀ wọn láéláé.

5. Ẹsẹ̀ méjèèjì aboyún sábà máa ń wú. Ẹsẹ̀ kan tó wú, tó ń dunni, tó sì gbóná ni kí ẹ bẹ̀rù, àgàgà láàárín ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi gbígbóná àti òróró wọ́ ọ. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àyà bá ń dunni, tí èémí kò délẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń bá ikọ́ jáde, ẹ má dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́.