Owó kíìtì àyẹ̀wò tó ń wọgbó: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí wíwá oró bakitéríà

Ẹ̀yin tí mò ń bá wí mọ ara yín. Ẹ ti rí owó ìwádìí gbà, tàbí bàbá yín ló ta ilẹ̀ fún un, ẹ wá ń sáré láti Akoka sí Idi-Araba, kúlà lórí bí ẹni tó ń ta omi tútù ní Ojúẹlẹ́gbá, pé ẹ fẹ́ wá oró bakitéríà, ìyẹn májèlé tí kòkòrò ń tú sílẹ̀, nínú oúnjẹ Èkó. Iṣẹ́ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n owó tí mo ti rí tó wọgbó lórí ẹ̀ ti pọ̀ jù, inú ń bí mi. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń di pìpẹ́ẹ̀tì mú. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, kó lọ bá ẹni tó kọ́ ọ jà.

1. Ẹ ń ka kòkòrò, ẹ wá ń kọ orúkọ oró sílẹ̀.

Èyí ló ń dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n rò ó dé ìsàlẹ̀. Ọmọbìnrin kan gbé ìrẹsì òde wá bá mi láti Mushin. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni àwọn tó jẹ ẹ́ ti ń bì. Ó ti gbin oúnjẹ náà sórí agar (ohun dídì tí a fi ń hu kòkòrò), nǹkan kan ò hù, ó sì ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé oúnjẹ náà mọ́. Mo bi í pé, “Ṣé wọ́n tún un gbé kaná kí wọ́n tó bù ú fún àlejò?” Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni mà, ó hó dáadáa.” Mo ní, “Kí lo wá ń gbìn?” Ó dákẹ́.

Ẹ wò ó bó ṣe rí. Staphylococcus aureus ń gbé inú imú àti ara awọ wa. Ẹni tó fọwọ́ já ẹran ló fi í sínú oúnjẹ. Oúnjẹ sun inú kúlà mọ́jú, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kòkòrò ń pọ̀ sí i, ó ń tu oró sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e kaná láàárọ̀, kòkòrò kú, oró ò kú. Oró tó ń jẹ́ enterotoxin yìí lè wà nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 30 kó má bàjẹ́. Èyí tí kò tó 1 microgram ti tó láti mú àgbàlagbà bì, láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí 8 lẹ́yìn tó jẹun. Ẹni tó bá wá fi agar tí nǹkan ò hù lórí rẹ̀ dá oúnjẹ bẹ́ẹ̀ láre, ó ti fi owó agar ṣe sàárà.

Òdìkejì rẹ̀ náà ò sunwọ̀n. Kòkòrò hù bàǹtàbàǹtà, ẹ ti pariwo pé oró wà níbẹ̀. Ta ló sọ fún yín? Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà S. aureus ló ń ṣe enterotoxin. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù lórí wàràkàṣì ò pa á pọ̀ bẹ́ẹ̀: bí kòkòrò náà bá ju 100,000 lọ nínú gíráàmù kan, ìgbà náà ni kí wọ́n wá oró fúnra rẹ̀. Ìlànà àgbáyé ISO 19020 ti ọdún 2017 wà fún bí wọ́n ṣe ń wá a. Ẹ kà á kí ẹ tó na náírà kan.

Ẹ̀yin onípísíáà, mo gbọ́ ẹ̀rín yín. Jíìnì ni PCR ń rí, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú kòkòrò tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe oró. Jíìnì wà ò ní kí oró wà. Nígbà tí àrùn ọ̀fun dífítíríà bẹ́ sílẹ̀ ní Kano àti Èkó ní ìparí ọdún 2022, àwọn kan ń béèrè lọ́wọ́ mi ìdí tí a fi ń yọ ara wa lẹ́nu lórí àyẹ̀wò Elek, tó ti wà láti ìparí àwọn ọdún 1940. Ìdí ni pé kòkòrò dífítíríà mìíràn wà tó gbé jíìnì oró lọ́wọ́ tí kò sì lè ṣe oró kankan. Elek ò gba àhesọ. Ẹ ó tẹ́ ọ̀já pépà tó ti mu antitoxin (ohun tó ń di oró mú kó má lè ṣiṣẹ́) sínú agar, ẹ ó fa ìlà kòkòrò tí ẹ ń fura sí dábùú rẹ̀, ẹ ó fa ti èyí tí ẹ mọ̀ dájú pé ó ń ṣe oró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láàárín wákàtí 24 sí 48, ẹ gbé abọ́ náà sókè kí iná tàn sí i láti ẹ̀yìn. Bí oró bá jáde, ẹ ó rí ìlà funfun tín-ín-rín níbi tí òun àti antitoxin ti pàdé, tí yóò sì so pọ̀ mọ́ ti alábàákẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ó máa ń wù mí wò. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Tẹmọ́mítà lẹ́yìn, kí wọ́n kúkú fi Ìyá Abọ́ kún un.

Ẹ̀yin dókítà nìkan ni mi ò fẹ́ kí ẹ dúró de ìlà funfun yẹn. Bí ojú bá ti rí i pé dífítíríà ni, ẹ fún aláìsàn ní antitoxin bí ó bá wà lọ́wọ́. Oró tó ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì, antitoxin ò lè bá a mọ́. Èyí tó ṣì ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè dí lọ́wọ́. Láàbù á máa bọ̀ lẹ́yìn.

Kíìtì onígi tí ẹ ń tì bọ inú ìgbẹ́ fún kọ́lẹ́rà náà ń kọ́? Ara òde kòkòrò ló ń dá mọ̀, ti ẹ̀yà O1 àti O139. Kò wá oró rí.

2. Ẹ ń ra kíìtì kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ ń wá.

Ìrẹsì díndín, èébì kíákíá, kòkòrò Bacillus cereus. Ẹnì kan sáré ra kíìtì ELISA (àyẹ̀wò tó ń fi antibody, ohun tí ara fi ń gbógun ti àjèjì, mú oró) “ti Bacillus”, owó ńlá, èsì jáde pé kò sí. Kò lè ṣe kó má jáde bẹ́ẹ̀! Oró tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru ni kíìtì yẹn ń wá. Cereulide ló ń fa èébì, ọ̀tọ̀ sì ni tirẹ̀: ohun kékeré tó yí po bí òrùka ni, ara kì í sábà dá a mọ̀ débi tí yóò ṣe antibody sí i, LC-MS/MS, ẹ̀rọ tó ń fi ìwúwo dá ohun kékeré mọ̀, sì ni wọ́n ń fi wá a, lábẹ́ ISO 18465. Ẹ gbé e sínú autoclave (ìkòkò tó ń fi ooru omi pa kòkòrò) ní 121°C fún ìṣẹ́jú 90, yóò jáde, yóò kí yín. Bí kò bá sí ẹ̀rọ yẹn ní ibi tí ẹ wà, ẹ wá ẹni tó ní in kí ẹ tó kọ àbá ìwádìí, kì í ṣe lẹ́yìn tí owó ti tán.

3. Gbogbo ihò inú abọ́ ELISA yí padà di yẹ́lò bíi pé oró wà, inú yín ń dùn.

Ẹ má jó síbẹ̀. S. aureus ní ohun kan lára tí wọ́n ń pè ní protein A, ìrù antibody ló máa ń dì mú, ìyẹn ni pé oró kò sí níbẹ̀ ṣùgbọ́n kíìtì yóò sọ pé ó wà. Ẹ fi sírọ́ọ̀mù (omi inú ẹ̀jẹ̀) ehoro tí wọn kò fún ní abẹ́rẹ́ kankan po àpẹẹrẹ yín, ìyẹn ohun tí ẹ ń yẹ̀ wò, ṣáájú, kí protein A rí nǹkan dì mú. Kí ihò tí kò yẹ kí oró kankan wà nínú rẹ̀ sì wà nínú gbogbo àyẹ̀wò tí ẹ bá ṣe. Bí òun náà bá di yẹ́lò, ẹ da gbogbo ẹ̀ nù.

4. Fíríìjì. Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Kíìtì ní 2 sí 8°C, wọ́n kọ ọ́ sára páálí gàdàgbà. Ẹ wá tì í mọ́ ẹ̀yìn fíríìjì níbi tí yìnyín ń dì, ó dì, ó bàjẹ́. Tàbí ẹ fi sí ẹnu ọ̀nà fíríìjì tí gbogbo ilé ń ṣí gba omi. Iná lọ lálẹ́, jẹnẹrétọ̀ ò ní dísù, ẹ dé láàárọ̀ ẹ ń fọwọ́ kan páálí pé “ó ṣì tutù.” Ọwọ́ kì í ṣe tẹmọ́mítà. Ẹ ra èyí tó ń kọ ìwọ̀n gíga àti ìwọ̀n kékeré sílẹ̀, ó pọ́ọ́kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíìtì kan.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹrù yín balẹ̀ ní Ikeja ní ọjọ́ Ẹtì. Mo ti dúró ní ọ́fíìsì kágò rí títí aṣọ́bodè fi sọ fún mi pé ọ̀gá ti lọ ilé, kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Páálí mi wà lórí tábìlì níbẹ̀, mo ń wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì, àpò yìnyín inú rẹ̀ ti di omi. Kí ẹrù balẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ìwé sì ti pé ṣáájú.

Ooru náà ń kọ́? “Ìwọ̀n ooru yàrá” nínú ìwé kíìtì kì í ṣe yàrá ní Èkó lóṣù Kẹta. 20 sí 25°C ni wọ́n ní lọ́kàn. Ní 32, àwọ̀ á sáré jáde, ẹ ó sì máa ka irọ́.

Mi ò ka nọ́ńbà mọ́, ẹ gbọ́ ìyókù.

Ìlà òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń mọ iye oró, ti àná kò sí fún iṣẹ́ òní.

Àpẹẹrẹ kan, ihò kan? Ihò méjì ó kéré tán.

Autoclave kì í pa endotoxin, oró tó wà lára awọ àwọn bakitéríà kan. Ìgò tí ẹ fẹ́ fi ṣe LAL, àyẹ̀wò tó ń wá a, sínú ààrò gbígbẹ, 250°C, ìṣẹ́jú 30. Ẹ̀jẹ̀ horseshoe crab ni LAL ti ń wá, ó wọ́n, ẹ má fi ìgò ẹlẹ́gbin ṣe é lófò.

Oró tí wọ́n ń tà bí ẹ̀tù gbígbẹ fún ìfiwéra, ẹ béèrè bóyá toxoid (oró tí wọ́n ti gba agbára rẹ̀) wà, tàbí èyí tí wọ́n ti pò sínú omi. Ẹ̀tù a máa fò bọ imú. Kí ẹ sì gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì àti dífítíríà kí ẹ tó wọ láàbù. Ó yà mí lẹ́nu iye ẹ̀yin tí ẹ ń wá oró kiri tí ẹ kò lè sọ ìgbà tí ẹ gbà á kẹ́yìn.

Ẹ̀yin alásè náà, ọ̀rọ̀ yín ń bọ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ti ń bì, ẹ ti fọ ìkòkò, ẹ ti da oúnjẹ sí kòtò, ẹ wá ń pe láàbù. Kí ẹ tó bù ún fún àlejò, ẹ bu díẹ̀ nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan sí ike mímọ́, ẹ kọ orúkọ oúnjẹ, ọjọ́ àti àkókò sára rẹ̀, ẹ gbé e sí fíríìjì. Ike yẹn ni kí ẹ gbé wá bá mi, nínú yìnyín. Àwo tí ẹ ti fọ̀, ẹ fi sílé.