Géèmù bọ́ọ̀lù tó kọ̀ tí kò ṣí: ìrírí mi ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni ọwọ́ mi máa ń dí jù lọ́dún, nítorí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọdún sì ni Ojúde Ọba, tí régbérégbé kọ̀ọ̀kan máa ń fẹ́ kí ìwé ètò àti káàdì tirẹ̀ ti jáde kí ọjọ́ náà tó kò. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá láti Ṣágámù wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Àdéhùn tí mo bá a ṣe ni pé tí ó bá bá mi gé ìwé, tí ó sì bá mi dì í títí ọdún fi kọjá, n ó yọ̀ǹda kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo fi ń ṣiṣẹ́ fún un kí ó fi gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ náà pa àdéhùn tirẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà ni kò gbà.

Tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà náà. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, RAM rẹ̀, ìyẹn ibi tí ó ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, jẹ́ 4 GB, hard disk rẹ̀ tó ń tọ́jú fáìlì sì jẹ́ irú èyí tí ń yípo ní ìgbà 5400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀ lọ́tọ̀. Inú chip kan náà tó ń ṣe ìṣirò ni èyí tó ń ya àwòrán wà. Àwọn tó ṣe géèmù bọ́ọ̀lù náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé 4 GB ló kéré jù, àti pé 8 GB ni àwọn fẹ́ kí ènìyàn ní. Mo ka èyí tó kéré jù, mo ní ó tó. Lójú mi báyìí, ohun tí “ó kéré jù” túmọ̀ sí ni pé géèmù yóò ṣí. Kò sí ẹni tó ṣèlérí pé yóò ṣe é gbá.

Nígbà àkọ́kọ́ tí ọmọ náà tẹ̀ ẹ́, ojú kọ̀ǹpútà ṣú díẹ̀, àpótí kékeré kan sì yọ tó sọ pé òun kò rí VCRUNTIME140.dll. Kò pè mí. Fóònù rẹ̀ ló gbé, tí ó ń wá fáìlì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí mo sì fi máa dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti rí i lórí ojúlé kan tí ìpolówó kún bámúbámú.

“Bọ̀ọ̀dá, mo ti rí i. Ẹ jẹ́ kí n gbé e sínú fódà géèmù yẹn.”

Mo ní kí ó gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀ ná. Fáìlì yìí kì í dá rìn: ọ̀kan ni lára àkójọ tí Microsoft ń pè ní Visual C++ Redistributable, èyí tí ọ̀pọ̀ géèmù gbójú lé pé yóò wà lórí kọ̀ǹpútà kí àwọn tó lè ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá lọ gba ẹyọ kan ṣoṣo níbi tí kò mọ̀, bí kò bá gba kòkòrò kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, wọ́n á tún ní kí ó lọ wá MSVCP140.dll wá, ọjọ́ á sì lọ bẹ́ẹ̀. Ojúlé Microsoft fúnra rẹ̀ ni mo lọ, mo gba èyí tí wọ́n kọ x64 sí lára, ìyẹn ti 64-bit, mo sì gba ti x86, ìyẹn ti 32-bit, pẹ̀lú. Ọmọ náà bi mí pé ṣé Windows wa kì í ṣe ti 64-bit ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n géèmù tàbí ètò tó ń ṣí géèmù lè jẹ́ ti 32-bit, ti x86 ni irú bẹ́ẹ̀ yóò sì máa bèèrè. Mo fi méjèèjì sí i, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, àpótí náà kò sì yọ mọ́.

Géèmù ṣí wàyí, àmì àwọn tó ṣe é jáde, orin bẹ̀rẹ̀, ìlà tó ń fi hàn pé ó ń gbéra kún kọjá ìdajì díẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ pòórá láìsọ ìdí. Mo wo Event Viewer, níbi tí Windows máa ń kọ ìròyìn sí nígbà tí ètò kan bá kú lójijì. Orúkọ géèmù náà nìkan ni mo bá níbẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ohun tó pa olóògbé tí ó sì dárúkọ olóògbé. Ohun tó là mí lójú ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n mú iná lọ lóru tí a ń gba géèmù náà sílẹ̀, tí bátìrì kò sì lè gbé e dé òwúrọ̀. Ètò tí a fi ra géèmù náà ní ibi tí ènìyàn ti lè ní kí ó yẹ gbogbo fáìlì wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó fi wọ́n wé bó ti yẹ kí wọ́n rí, kí ó sì pààrọ̀ kìkì èyí tó bàjẹ́. Mo lò ó. Fáìlì mẹ́ta ló bàjẹ́, dátà tó fi tún wọn gbà kò sì tó nǹkan bá a bá fi wé kí a pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí a tún bẹ̀rẹ̀. Ìlà náà kún tán lọ́tẹ̀ yìí, pápá sì jáde.

Ibẹ̀ ni wàhálà gidi ti bẹ̀rẹ̀, nítorí géèmù tó ṣí kò túmọ̀ sí géèmù tó ń rìn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn asọ̀ròyìn kò fà: ó ti kígbe pé bọ́ọ̀lù wọlé kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó gbá a. Mo tan òǹkà tó ń fi iye àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan hàn, mo bá 14 níbẹ̀. Kí eré tó lè dán lójú, 60 ni ó dára kí ó jẹ́, ìyẹn ni pé àwòrán kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá 16.7 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá lọ; 30 ṣì ṣe é fara dà. Ní 14, àwòrán kan ń gbà tó ìdá 71.

Mo mú bébà kan nínú àjẹkù ìwé ètò, mo fà á ní ìlà, mo sì pinnu pé nǹkan kan ṣoṣo ni n ó máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí n sì kọ iye tó bá tẹ̀lé e sílẹ̀. Mo dín ìwọ̀n àwòrán kù láti 1366×768 sí 1280×720, lẹ́yìn rẹ̀ mo pa òjìji, lẹ́yìn rẹ̀ mo dín èrò ìwòran kù: nígbà tí mo fi ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, 14 ti di 19. Mo gba driver tuntun, ìyẹn ètò tí Windows fi ń bá ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, fún ẹ̀yà tó ń ya àwòrán láti ojúlé ẹni tó ṣe chip náà: 19 di 20, èyí tí n kò lè pè ní èrè. Mo rí i pẹ̀lú pé tí a bá yọ ṣájà, tí ó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́, yóò já sí 11, nítorí náà mo tẹ̀lé ìlànà pé láìsí iná, kò sí bọ́ọ̀lù.

Lẹ́yìn èyí ni mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, tí Task Manager ṣí, níbi tí Windows ti ń fi hàn bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó lọ́rùn ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. RAM ti kún dé ìdá 94 nínú 100, hard disk náà sì ń ṣiṣẹ́ ní ìdá 100, nítorí pé nígbà tí àyè kò bá tó nínú RAM mọ́, orí hard disk ni Windows máa ń kó ẹrù tó ṣẹ́kù lọ, hard disk tó ń yípo sì lọ́ra púpọ̀ ju RAM lọ. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé Memory ni mo ti rí ọ̀rọ̀ kan tí n kò tíì kíyè sí láti ọjọ́ tí mo ti ra kọ̀ǹpútà náà: “Slots used: 1 of 2.” Ihò RAM kan ṣófo.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé RAM kò ju ọ̀rọ̀ pé ó tó tàbí kò tó lọ. Kọ̀ǹpútà tí kò bá ní káàdì àwòrán lọ́tọ̀, inú RAM kan náà ni ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò àti ẹ̀yà tó ń ya àwòrán jọ ti ń mú ohun tí wọ́n fẹ́ lò. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, ọ̀nà kan ló ń gbà wọlé gbà jáde, bí ìgbà tí ìyàwó ilé méjì ń fi ìfami kan ṣoṣo fa omi kànga. Bí a bá fi ẹyọ kejì tó bá a dọ́gba sí ihò kejì, ọ̀nà náà di méjì. Àyè pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó di méjì yẹn ni ẹ̀yà tó ń ya àwòrán ń jẹ̀gbádùn rẹ̀ jù.

Mo tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, mo ka ohun tó wà lára RAM tó wà níbẹ̀, mo kọ ọ́ sínú bébà mi: 4GB, PC4-2400T. PC4 yẹn ló ń sọ pé DDR4 ni. DDR3 kò lè wọ ihò rẹ̀ rárá, nítorí ibi tí wọ́n gé nínú etí rẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí wa ni mo lọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò kúkú ra ẹyọ 8 GB kan? Ẹ fi rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀.”

“Rárá, àbúrò. 4 GB tó bá èyí dọ́gba ni kí o bá mi wá. Méjì-méjì ni mo fẹ́.”

Ó wo bébà ọwọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó wá a jáde nínú ike àkàrà òyìnbó kan. Níwájú rẹ̀ ni a ti fi sí i, tí a tan kọ̀ǹpútà, tí Task Manager sì kọ “2 of 2”, kí n tó san owó. Nígbà tí mo délé, géèmù náà ń fi 35 hàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pariwo débi pé aládùúgbò wá bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ayọ̀ náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Òǹkà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, 28, 21, títí ó fi dé 15, ẹrẹ̀ tún kún pápá. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé RAM náà kò dára, mo sì ti ń wá bàtà mi kí n lè gbé e padà. Ohun tó dá mi dúró ni pé tí a bá pa á tì fún bí ìdajì wákàtí, tí a tún un ṣí, 35 náà ni yóò padà wá pẹ̀lú. RAM tó bàjẹ́ kì í gba ìsinmi kí ara rẹ̀ tó yá. Mo tún wo Task Manager, lójú ewé CPU, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò, lọ́tẹ̀ yìí, mo sì tẹjú mọ́ ibi tí wọ́n kọ Speed, bí ó ti ń yára tó, sí nígbà tí ọmọ náà ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 2.7 GHz, nígbà tí ẹrẹ̀ dé, ó ti di 1.1. Mo gba ètò ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní HWiNFO sílẹ̀ láti wo bí ó ti gbóná tó: 97 ní ìwọ̀n Celsius. Púpọ̀ nínú irú chip bẹ́ẹ̀, ibi 100 ni ìpẹ̀kun wọn, bí wọ́n bá sì ti súnmọ́ ọn, ńṣe ni wọ́n máa ń dín eré ara wọn kù kí wọ́n má baà jóná.

Mo yọ ṣájà, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo sì yọ okùn bátìrì kí n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Fáànù fúnra rẹ̀ mọ́ díẹ̀. Àárín fáànù àti àwọn irin tín-ín-rín tí atẹ́gùn ń gbà jáde ni mo ti rí i: nǹkan eléérú kan dì síbẹ̀, ó nípọn bí aṣọ òtútù, nígbà tí mo sì fi ẹnu tweezers fà á, odidi rẹ̀ ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní gígùn bí ìka mi. Mo fọ́n ọn sí orí bébà funfun, mo sì mọ ohun tó jẹ́. Èérún ìwé ni, pẹ̀lú eruku ọyẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń gé ìwé ni kọ̀ǹpútà yìí ń gbé láti ọdún méjì, gbogbo ìwé ètò tí mo ti gé fún àwọn régbérégbé ló sì ti san ìṣákọ́lẹ̀ tirẹ̀ sínú ikùn rẹ̀.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ìyókù jáde, mo fi ìka di fáànù mú kí ó má baà yí nígbà tí mò ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, nítorí fáànù tí a bá fi atẹ́gùn yí láṣejù lè bàjẹ́. Thermal paste tó wà láàárín chip àti irin tó ń fa ooru ti gbẹ, ó ń fọ́ bí ẹfun. Mo fi aṣọ tí mo fi isopropyl alcohol rin nù ún kúrò, mo sì fi tuntun sí i, kò ju hóró ẹ̀wà kékeré kan lọ. Ó rí bí ọṣẹ ìfọyín, àwọn kan sì máa ń kùn ún bíi pé búrẹ́dì ni wọ́n fẹ́ fi bọ́tà pa. Kò yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó dí àwọn àlàfo tí ojú kò lè rí.

A gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí kan gbáko lálẹ́ ọjọ́ náà. Ooru kò kọjá 79, Speed dúró ní 2.7, òǹkà sì ń rìn láàárín 34 àti 37. Mo gbé kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ náà fẹ́ràn láti máa gbé e sí, nítorí pé fóòmù máa ń dí ihò atẹ́gùn ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo fi ìdérí ìgò méjì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè lórí tábìlì, mo sì gbé tábìlì náà lọ sí yàrá kejì, jìnnà sí ibi tí a ti ń gé ìwé.

Hard disk ni n kò fọwọ́ kàn. SSD, irú èyí tí kì í yípo tó sì yára jù ú lọ, ìbá mú kí pápá tètè jáde, ṣùgbọ́n kò ní fi kún iye àwòrán tí à ń rí nígbà tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, owó RAM sì ti jẹ apá kan nínú owó iṣẹ́ ọdún. Nítorí náà ó ṣì ń gbà tó ìṣẹ́jú méjì kí pápá tó jáde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò ráhùn: bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́, á dìde, á bu gààrí sínú abọ́, á da omi tútù sí i, á wá ẹ̀pà kún un, nígbà tí ó bá sì padà jókòó, àwọn agbábọ́ọ̀lù ti tò sórí pápá dè é.