Èéfín pupa lẹ́yìn ọkọ̀ òfúrufú ológun: ṣé ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́?

Mẹkáníìkì ẹ̀rọ dísùù ni mí l'Ádó-Èkìtì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rí fídíò Red Arrows lórí fóònù, àwọn ọmọ ogun òfúrufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi ọkọ̀ dárà lójú ọ̀run. Ohun tí wọ́n bi mí nìyí.

Ọ̀gá, ẹ kọ́ wa pé èéfín dúdú ni epo tí kò jó tán, búlúù ni ọ́ìlì tó ń jó. Kí ló wá ń ṣe èyí tó ń yọ pupa?

Kò sóhun tó ń ṣe é. Ohun tí ẹ rí yẹn kì í ṣe èéfín iná rárá, dísùù ni. Wọ́n gbé táǹkì sábẹ́ ikùn ọkọ̀ Hawk wọn: dísùù wà nínú rẹ̀, aró pupa àti aró búlúù náà wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ bọ́tìnnì, dísùù á tú sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí iná ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán. Ooru á sọ ọ́ di oru. Bí oru yẹn bá kan afẹ́fẹ́ tútù, á tún di ẹ̀kán tín-ín-tìn-ín. Ẹ rántí kùrukùru tó máa ń bo òkè Ẹ̀fọ̀n láàárọ̀. Ẹ̀kán omi nìyẹn, ẹ̀kán dísùù nìyí. Dísùù lásán á funfun; aró ló ń sọ ọ́ di pupa tàbí búlúù.

Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ lò. Nígbà tí ọkọ̀ kan bá gbéra, funfun kò ju ìṣẹ́jú 5 lọ, pupa ìṣẹ́jú 1, búlúù ìṣẹ́jú 1.

Ṣé ọkọ̀ tiwa lè ṣe é?

Àwọn ọmọ ogun òfúrufú Nàìjíríà ní Alpha Jet. Irú rẹ̀ ni Patrouille de France, ẹgbẹ́ tó ń fi ọkọ̀ dárà lójú ọ̀run fún ilẹ̀ Faransé, ti ń lò láti 1981, tí wọ́n fi ń ya búlúù, funfun àti pupa sójú ọ̀run.

Oníbàárà wa kan, bàbá àgbà láti Ìjerò, ní: Èyí tó ń yọ èéfín dúdú kìjikìji ńkọ́?

Bàbá, ìyẹn gan-an ni èéfín. Irú kẹrosíìnì ni ọkọ̀ òfúrufú wọ̀nyẹn ń mu. Ẹ mọ àtùpà: bí òwú bá ga jù, dígí á dúdú. Ẹ́ńjìnnì J79 tó wà nínú ọkọ̀ Phantom ti Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ogun Vietnam, ọ̀tá sì ń rí wọn láti ọ̀nà jíjìn. Kò bàjẹ́ o. Bí wọ́n ṣe ṣe ibi tí epo ti ń jó nínú rẹ̀ ni. Nígbà tó yá, wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, èéfín sì dínkù.

Ìlà funfun gígùn tó wà lókè réré ńkọ́?

Omi ni. Kẹrosíìnì tó bá jó a máa mú oru omi jáde, òtútù òkè tó tó -40°C a sì sọ ọ́ di yìnyín. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí àlàfo díẹ̀ láàárín ẹ́ńjìnnì àti ìlà náà.

Ọ̀gá, tí a bá da aró sínú dísùù jẹnẹrétọ̀, ṣé èéfín rẹ̀ á pupa?

Rárá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń fi aró pupa sí dísùù kátakátà àwọn àgbẹ̀, èéfín rẹ̀ kì í sì í pupa, torí aró náà ń jó pọ̀ mọ́ epo nínú sìlíńdà. Aró aṣọ tí ẹ ní lọ́kàn yẹn, nọ́súù, ẹnu tó ń fín epo sínú sìlíńdà, ló máa dí. Ẹ má dán an wò lára ẹ̀rọ oníbàárà.