Ẹ̀pà Inú Ìgò fún Ẹ̀bùn Kérésì: Bí A Ṣe Ń Yan Án Tí Kò Fi Ní Rọ̀

Kérésì tó kọjá, ìgò ẹ̀pà mẹ́ta ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ. Ìgò mọ́, àǹkárá tí wọ́n fi bo ọmọrí rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bu ẹ̀pà sẹ́nu, méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti rọ̀ bí ẹ̀pà sísè. Ó dùn mí fún àwọn tó ṣe é, torí mo mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń ro èèyàn nídìí ẹ̀pà yíyan. Iná kọ́ ló ṣe wọ́n. Wọ́n yan án dáadáa, wọ́n wá dé e nígbà tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ẹ̀pà ni mo máa ń mú nínú gbogbo ohun tí a lè kó sínú ìgò fún ẹ̀bùn, torí kò gba epo, kò gba bọ́tà, kò gba ẹyin bíi chin-chin. Kọ́ńgò kan máa ń kún ìgò mẹ́rin tó gba mílílítà 500 fún mi, díẹ̀ á sì ṣẹ́kù tí àwọn ará ilé á fi panu. Aládùúgbò tó gbé ẹran wá fún yín nígbà Iléyá, ẹ lè gbé ìgò kan lé orí abọ́ ìrẹsì rẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì.

Ẹ má ra ìgò tuntun. Láti oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ ti máa tọ́jú ìgò jáàmù, ìgò kọfí àti ìgò mayonnaise. Bí ilé yín kò bá ní, àwọn tó ń ta ìgò àlòkù wà nínú ọjà. Ẹlẹ́nu gbòòrò ni kó jẹ́. Ìgò ọlọ́rùn gígùn tí àwọn ẹlẹ́pà ń lò dára lójú, àmọ́ ọwọ́ kì í wọ inú rẹ̀ láti fọ̀ ọ́, omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í sì í tètè gbẹ. Láti bọ́ bébà ara ìgò, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, kí ẹ fi òróró díẹ̀ àti eérú pa àtè tó bá ṣẹ́kù rẹ́. Òórùn mayonnaise máa ń lẹ̀ mọ́ ọmọrí. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni mo fi ń fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà màá fi gàrí gbígbẹ sínú rẹ̀ mọ́jú. Bí òórùn náà kò bá lọ, ẹ wá ọmọrí mìíràn. Ẹ sá ìgò sóòrùn fún odindi ọjọ́ kan. Ẹ má fi aṣọ nu inú rẹ̀, torí aṣọ tó dà bíi pé ó gbẹ ṣì lè ní ọ̀rinrin lára.

Ọjà Bódìjà n'Íbàdàn ni mo ti ń ra ẹ̀pà tèmi, ṣùgbọ́n ibi yòówù kí ẹ ti rà á, ẹ jẹ ẹyọ méjì ní tútù kí ẹ tó sanwó. Bó bá korò, ẹ fi sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ dà á sórí atẹ kí ẹ jókòó ṣà á. Gbogbo èyí tó ti bu, tó ti dúdú, tó ti hunjọ tàbí tí kòkòrò ti jẹ, ẹ dà á nù. Ẹ má rò pé iná á pa ohun tó wà níbẹ̀. Ní ọdún 1960, àwọn tòlótòló tó ju 100,000 lọ kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n sì wádìí rẹ̀, inú oúnjẹ ẹ̀pà tó ti bu ni wọ́n ti rí májèlé tí a wá mọ̀ sí aflatoxin. Yíyan lè dín in kù, kì í pa á tán. Ẹ má sì fi ẹ̀pà tí ẹ ṣà kúrò lọ adìyẹ o.

Ẹ da omi gbígbóná tí ẹ fi síbí iyọ̀ mẹ́ta sí lé kọ́ńgò ẹ̀pà kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Ẹni tó bá rẹ ẹ́ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀pà rẹ̀ á mu omi yó, kò sì ní dún lẹ́nu mọ́. Ẹ fi asẹ́ yọ ọ́, kí ẹ tẹ́ ẹ tín-ín-rín sórí atẹ títí èèpo pupa ara rẹ̀ á fi hunjọ. Ọyẹ́ oṣù Kejìlá máa ń ràn wá lọ́wọ́ níbí; wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó, ṣùgbọ́n ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí eruku.

Gàrí ni mo fi ń yan ẹ̀pà ẹ̀bùn. Iyanrìn tí a fọ̀ tí a sì jọ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kò sì náni ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ iyanrìn kan péré lábẹ́ eyín àlejò ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ife gàrí méjì tó fún ìdajì kọ́ńgò. Ẹ pín ẹ̀pà sí ọ̀nà méjì, kí ẹ lo gàrí kan náà fún ìpín kejì. Ẹ jẹ́ kí gàrí gbóná nínú ìkòkò irin tí ìdí rẹ̀ nípọn, kí ẹ da ẹ̀pà sí i, kí ẹ dín iná kù sí ìwọ̀nba, kí ẹ sì máa rò ó láìdúró. Ẹ pa fóònù tì. Ó máa ń gbà mí tó ìṣẹ́jú 25. Ẹni tó wà lókè òkun lè tẹ́ ẹ sínú ófùnù tó gbóná dé ìwọ̀n 170 Celsius fún ogún ìṣẹ́jú, kí ó máa yí i padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe rèé. Ẹ̀pà tó ti jinná máa ń rọ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì gbóná. Ẹni tí kò mọ̀ á jẹ ẹyọ kan láti inú ìkòkò, á rí i pé ó rọ̀, á tún fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún un, ẹ̀pà á sì jóná. Ẹ má fi eyín dá a mọ̀ lórí iná, ojú ni kí ẹ lò. Ẹ la ẹyọ kan sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá ṣì funfun, ó kù díẹ̀. Bó bá ti dà bí tíì tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀, tí èèpo rẹ̀ sì ń bọ́ nígbà tí ẹ fi ìka ra á, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ jọ gàrí kúrò lára rẹ̀. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú ìkòkò gbígbóná, torí á ṣì máa yan lọ níbẹ̀ láìsí iná lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ tẹ́ ẹ káàkiri sórí atẹ, kí ẹ wá fi í sílẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀pà tó tutù lára ṣì lè gbóná nínú. Bí ẹ bá dé e bẹ́ẹ̀, oru tó ń jáde lára rẹ̀ á lọ bá ara ìgò, á di omi, á sì kán padà sórí ẹ̀pà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òógùn ti bo inú ọmọrí, gbogbo iṣẹ́ àná sì ti bàjẹ́. Wákàtí mẹ́rin ló kéré jù. N'Íbàdàn, nígbà ọyẹ́, mo máa ń fi tèmi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó wà l'Ékòó lẹ́bàá omi kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ẹ̀pà á sì fà á mu. Wákàtí mẹ́rin yẹn ni kó lò, kó sì kó o sínú ìgò.

Kí n tó kó ẹ̀pà sínú ìgò ẹ̀bùn, mo máa ń dán an wò. Màá bu ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú ìgò kan, màá dé e, màá kà tó ìṣẹ́jú 15, màá sì gbé ọmọrí rẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí ìrì bá wà nínú rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, kò tíì yá. Ẹ̀pà tó bá ti rọ̀ kò sì tíì di àdànù. Ẹ dá a padà sínú ìkòkò lásán lórí iná díẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje, kí ẹ máa rò ó, kí ẹ tún jẹ́ kó tutù dénú.

Ẹ fi ọwọ́ ra èèpo rẹ̀ dànù, kí ẹ fẹ́ ẹ lórí atẹ. Àwọn kan máa ń fi èèpo sílẹ̀. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀bùn, torí èèpo á máa já sí ìsàlẹ̀, ìgò á sì dà bí èyí tí kò mọ́. Ẹ rọ ọ́ kún dé ọrùn, kí ẹ gbọn ìgò díẹ̀, kí ẹ tún fi kún un. Àjákù àǹkárá pọ̀ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù gbogbo aránṣọ lóṣù Kejìlá, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì máa ń kó o fún mi. Ẹ gé e róbótó, kí ẹ fi rọ́bà dè é mọ́ ọmọrí, kí ẹ wá fi okùn bo rọ́bà náà.

Ẹ béèrè kí ẹ tó fún èèyàn. Ara àwọn kan kò gba ẹ̀pà rárá, ẹyọ kan ṣoṣo sì lè mú ọ̀fun wọn wú kí wọ́n má lè mí. Ata gígún inú ìgò kékeré ni mo ń ṣe fún irú wọn, ìgò tí ẹ̀pà kò wọ̀ rí ni mo sì ń lò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò gbọ́dọ̀ jẹ odidi ẹ̀pà, nítorí ó lè há a lọ́fun.

Mo máa ń gé páálí kékeré so mọ́ ọrùn ìgò, màá kọ ọjọ́ tí mo yan án sí i, àti pé kí wọ́n jẹ ẹ́ tán láàárín oṣù kan. Màá kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, dá ìgò náà padà fún mi pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀, kí n lè rí ohun lò lọ́dún tó ń bọ̀.