Géèmù ń fà lórí laptop tí kò lágbára? Ẹ kọ́kọ́ yẹ àtùpà wò

Àbúrò mi kan gbé laptop ẹ̀ wá láti Àjàṣẹ́, ó ti fi Godot 4, ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, kọ́ ẹnu ibodè Akaba Ìdènà wa níbí ní Kétu, alẹ́ ló fi sí, ó to àtùpà 14 sí ara ògiri, ó tún kó ewúrẹ́ tó ń rìn kiri síbẹ̀, ó rẹwà gan-an ni, àmọ́ tó bá ti tẹ play báyìí fáànù á máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta, àwòrán 11 péré ló ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ní òun fẹ́ ra laptop míì. Mo ní a ò tíì débẹ̀.

Géèmù ò jọ fídíò, gbogbo àwòrán tẹ́ ẹ̀ ń rí, bẹ́ ẹ ṣe ń wò ó lọ́wọ́ ni GPU (ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń yàwòrán) ń yà á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, milisẹ́kọ́ńdì 16 àti díẹ̀ ló wà fún ẹyọ kan. Ẹ má wá máa pa nǹkan rẹ́ kiri, ẹ wo ohun tó ń jẹ àkókò yẹn ná.

Lójú 3D inú Godot, ẹ tẹ Perspective lókè, ẹ mú View Frame Time, ẹ máa rí iye àkókò tí CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) àti GPU ń lò. Lẹ́yìn náà ẹ wọ Project Settings, Rendering, Scaling 3D, ẹ sọ Scale di 0.5. Pixel, àwọn ẹyọ kékeré tó para pọ̀ di àwòrán, tó ń yà á já sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Tí géèmù bá sáré lójijì, pixel ló ń dà á láàmú, ẹ fi sí 0.75 kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ.

Ti àbúrò mi ò mira. Mo ṣí OmniLight3D kan, ohun tí Godot ń pe àtùpà tó ń tàn yíká, Shadow (òjìji) wà ní títàn níbẹ̀, mo ṣí ìkejì, Shadow, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá! Ṣé ẹ rí àtùpà tó ń tàn yíká, kó tó mọ ibi tí òjìji máa bọ́ sí, ó gbọ́dọ̀ wo ìhà mẹ́fà, òkè, ilẹ̀, iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì. 14 lọ́nà 6, ìhà 84 nìyẹn. Tí nǹkankan ò bá mì níwájú ẹ̀ Godot á tọ́jú èyí tó ti yà, àmọ́ ewúrẹ́ wo ló ń dúró sójú kan?

Ohun tá a ṣe nìyí, bake ni wọ́n ń pè é, Godot á ṣírò ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀. A tún àwòrán 3D ògiri náà gbé wọlé, a mú Static Lightmaps lábẹ́ Light Baking, a fi LightmapGI, èyí tó ń ṣe bake náà, sínú scene (ojú ìran géèmù), a sọ Bake Mode àtùpà 12 di Static, a tẹ Bake Lightmaps (ẹ save kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ o, kúràn lọ mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà àkọ́kọ́). Ìgbà tó bake tán la wá yọ Shadow kúrò lára àwọn 12 yẹn. Àtùpà tẹ́ ẹ bá ti bake báyìí, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ ò lè pa á láàárín géèmù mọ́. Méjì tó wà lẹ́nu ibodè la fi sílẹ̀ pẹ̀lú òjìji wọn.

Lumen inú Unreal Engine 5, ohun èlò géèmù míì, ń ṣírò irú ìmọ́lẹ̀ báyìí lójú ẹsẹ̀ láìsí bake, èmi ò ní gbé e sórí laptop yẹn láé.

Àwòrán 48 ló ń jáde báyìí. Ewúrẹ́ ò ní òjìji àfi tó bá dé ẹnu ibodè, àbúrò mi ò sì tíì ṣàkíyèsí.